Rìsíìtì nìkan kò sọ yín di onílẹ̀

Kò sí oníṣòwò tí kì í wù kó ní ilẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kó lè bọ́ lọ́wọ́ owó ilé ọdọọdún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń tà láàárín ìlú kì í ṣe lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ mọ́, ọwọ́ ẹni tó ti rà á tẹ́lẹ̀ ni. Bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ìwé tẹ́ ẹ gbà ni yóò fi hàn bóyá ilẹ̀ lẹ rà tàbí ẹjọ́.

Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ẹni tó bá ní C of O ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ náà fún iye ọdún tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, ọdún 99 ni wọ́n sì sábà máa ń kọ. Bí ẹni tó fẹ́ ta ilẹ̀ fún yín bá gba tirẹ̀ lọ́dún 1990, ọdún 2089 ni yóò parí. Ọdún tó ṣẹ́ kù lẹ fẹ́ rà, kì í ṣe ọdún 99 tuntun.

Ìwé mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú ẹni tó fẹ́ rà.

Àkọ́kọ́ ni rìsíìtì. Ẹ̀rí pé ẹ sanwó ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkejì ni Power of Attorney. Èyí kàn ń sọ pé onílẹ̀ rán ẹnì kan níṣẹ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀ ni. Lọ́dún 1993, nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ìwé yìí kò gbé ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìkẹta ni Deed of Sub-Lease, tó wọ́pọ̀ nídìí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ lè gbọ́ pé wọ́n ta ṣọ́ọ̀bù fún yín, kó sì jẹ́ pé wọ́n yá yín fún iye ọdún kan ni. Bí ọdún náà bá pé, ẹni tó ni ín yóò gbà á.

Ìkẹrin ni Deed of Assignment, òun lẹ ń wá. Ìwé yìí ló ń gbé gbogbo ẹ̀tọ́ tó ṣẹ́ kù fún yín. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ẹlòmíì bá yọjú pé òun ló ni ilẹ̀, ẹni tó tà á yóò san àdánù yín.

Síbẹ̀, ìfọwọ́sí ẹ̀yin méjèèjì nìkan kò tó. Gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Lọ́dún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ìwé tí wọ́n fi ilé dúró fún owó tí wọ́n yá, torí pé gómìnà kò fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà lẹ ó san owó òǹtẹ̀, kẹ́ ẹ tó lọ forúkọ ìwé náà sílẹ̀: ní Alausa fún ìpínlẹ̀ Èkó, ní Agodi fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Kẹ́ ẹ tó sanwó rárá, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yẹ àkọsílẹ̀ ìjọba wò, kó mọ orúkọ tó wà níbẹ̀ àti bóyá gbèsè tàbí ẹjọ́ wà lórí ilẹ̀ náà. Ẹ ní kí wọ́n fi ojúlówó C of O hàn yín, kì í ṣe fọ́tókọ́pì, torí àwọn kan ti fi tiwọn pamọ́ sí báǹkì láti yáwó. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ wádìí bóyá ìjọba ti gbà á. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ẹbí lẹni náà ti rà á, ẹ béèrè ìwé tí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí.

Lákòótán, ẹ má san gbogbo owó tán kí ẹni tó tà á tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ àṣẹ gómìnà. Bó bá ti gba owó rẹ̀ tán, tó wá rìnrìn àjò tàbí tó kú, ẹ̀yin lẹ ó máa wá ìfọwọ́sí náà kiri.