Ìwé ìyeyè kò dá ibà jẹfunjẹfun dúró

Ẹ̀yin tí ẹ ń ti Atakpamé lọ sí Kútọnu tàbí Èkó, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìwé abẹ́rẹ́ aláwọ̀ ìyeyè nìkan. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kò lè dènà ibà jẹfunjẹfun, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní tífóídì. Omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ aláìsàn ti bà jẹ́ ni ó ń gbé kòkòrò rẹ̀ wọ inú ènìyàn.

Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń gbà á, ṣùgbọ́n kí ó tó ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú ìrìn-àjò, nítorí ara kì í gbára dì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó dúró di àárọ̀ ọjọ́ tí yóò wọ ọkọ̀ ti pẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 3, a ó tún gbà á. Kò tilẹ̀ dáàbò bo gbogbo ẹni tí ó gbà á: omi tí a kò sè, ẹ má mu ún.