Àká Kan fún Ogójì Akẹ́kọ̀ọ́

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni èyí: bí ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìjẹ̀bú-Imuṣin bá fẹ́ kí ogójì akẹ́kọ̀ọ́ jókòó ti kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, tí owó kò sì tó, báwo ni yóò ti ṣe é tí kò fi ní kábàámọ̀? Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, a kì í fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fààjì mọ́. Ní 2013 ni àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àṣewọlé sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga; nígbà tí ó sì di 2015, wọ́n pa ìdánwò orí ìwé tì. Ọmọ tí kò bá fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà rí títí di ọjọ́ ìdánwò ti wà lẹ́yìn kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ là sílẹ̀ ni pé kí á má ra odindi kọ̀ǹpútà ogójì. Kọ̀ǹpútà àgbà kan, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní server, ni a óò rà. Ojú-ìwòran, kíbọ́ọ̀dù àti àpótí kékeré kan ni yóò wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Inú kọ̀ǹpútà àgbà ni gbogbo iṣẹ́ ti ń lọ. Àwòrán iṣẹ́ náà nìkan ni àpótí kékeré ń gbé wá. Èrò yìí kì í ṣe tuntun: ní 1961, ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn mélòó kan ti ń jọ lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo pọ̀. Ó ń jọ lójú ẹnì kọ̀ọ̀kan pé òun nìkan ni ó ni odindi ẹ̀rọ.

Nígbà náà, ẹrù ogójì ènìyàn ti di ti àká kan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ àká a máa kọ́kọ́ béèrè bí yóò ti fẹ̀ tó. Níhìn-ín, fífẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Bí ẹrù kọ̀ǹpútà kan bá jẹ́ 40 gígábáìtì, ti ogójì yóò jẹ́ 1,600. Ṣùgbọ́n a lè ṣe ojúlówó kan, kí gbogbo wọn máa kà láti inú rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bá yí padà nìkan ni a óò fi pamọ́ fún un. Bí èyí bá jẹ́ 4 gígábáìtì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, 200 péré ni gbogbo rẹ̀. Dísìkì olówó pọ́ọ́kú kan gbà á, ó sì kù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùrà ti máa ń sanwó tí wọ́n á sì dìde.

Ẹ jẹ́ kí ó di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Aago lù, ogójì akẹ́kọ̀ọ́ tan ẹ̀rọ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá ti gbé agbo-ilé tí kànga kan àti korobá kan ṣoṣo wà yóò mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀: omi kún kànga, síbẹ̀ òùngbẹ ń gbẹ àwọn tí ó tò sẹ́yìn. Dísìkì àtijọ́, èyí tí ó ń yí, ní apá kan tí ó gbọ́dọ̀ rìn dé ibi tí nǹkan wà kí ó tó mú un. Èyí tí ó ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan kò lè dáhùn ju nǹkan bí ìbéèrè 75 sí 100 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń ṣe iṣẹ́ fúyẹ́fúyẹ́ lè béèrè mẹ́wàá. Ogójì wọn yóò béèrè 400. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan ẹ̀rọ, ohun tí wọ́n ń béèrè a tún máa ju èyí lọ fíìfíì. Dísìkì tí a rà lówó pọ́ọ́kú ni yóò jẹ ìdajì àkókò ẹ̀kọ́.

Oríṣi kejì, tí à ń pè ní SSD, kò ní apá, kò sì ń yí. Èyí tí ó mọ níwọ̀n nínú wọn lè dáhùn ìbéèrè tí ó ju 10,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí a bá ṣírò owó rẹ̀ lórí gígábáìtì, ó wọ́n ju ti àtijọ́ lọ. Bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ láìdúró, òun ni kò wọ́n.

SSD kékeré méjì ni ó yẹ kí ó gbé ojúlówó àti àwọn àyípadà, kí ohun kan náà wà nínú méjèèjì, tí iṣẹ́ kò fi ní dúró bí ọ̀kan bá kú. Dísìkì tí ń yí náà wúlò: àròkọ, àwòrán àti sinimá tí gbogbo ènìyàn kì í ṣí lẹ́ẹ̀kan náà lè máa gbé ibẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà àgbà gan-an ni kí gbogbo wọn wà. Àpótí ìpamọ́ olówó ńlá tí àwọn oníṣòwò máa ń pọ́n, ọ̀ṣọ́ lásán ni fún ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà àgbà kan.

Méjì yìí kò wá túmọ̀ sí pé ẹrù ti wà ní àbò. Ọmọ tí ó bá ṣèèṣì pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́ ti pa á rẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ̀dà kẹta ni yóò gbà á sílẹ̀, èyí tí a yọ kúrò lára ẹ̀rọ tí a sì gbé pamọ́ sí ilé mìíràn. Iná mànàmáná ńkọ́? Bí ó bá lọ lójijì nígbà tí dísìkì ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ojúlówó lè bàjẹ́, ogójì ènìyàn yóò sì jókòó lásán. Nítorí náà, owó bátìrì tí yóò gbé ẹ̀rọ náà títí a ó fi pa á wà lára owó ibi ìpamọ́. SSD a sì máa gbó nípa kíkọ. Iye térábáìtì tí a lè kọ sí i wà nínú ìwé tí àwọn tí ó ṣe é fi síta. Kí olùrà kà á, nítorí èyí tí a ṣe fún kọ̀ǹpútà alágbèéká kò retí iṣẹ́ ogójì ènìyàn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá ju mẹ́wàá lọ, kò yẹ kí á dán gbogbo èyí wò rárá. Tòkúnbọ̀ mẹ́wàá sàn jù: bí ọ̀kan bá kú, mẹ́sàn-án ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá fẹ́ ra ti ogójì, kí ó má tíì san owó tán títí ẹni tí ń tà á yóò fi tan ogójèèjì lẹ́ẹ̀kan náà lójú olùkọ́, kí olùkọ́ sì mú aago lọ́wọ́.