Iná Tó Ṣẹ́jú, Iná Tó Lọ

Ẹni tó bá ti fi ọkọ̀ ojú irin kékeré ṣeré lórí tábìlì rí mọ ìbínú kan. Ọkọ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó dé ibi tí irin ti yà sí méjì, ó ta gìrì, ó dúró. Ènìyàn fi ìka tì í, ó tún gbéra. Iná kò lọ nínú ilé o. Ojú irin gan-an ni ọkọ̀ náà ti ń gba iná, ìdọ̀tí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun sì tó láti já iná mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Létíkun Àgbádárìgì, níbi tí atẹ́gùn oníyọ̀ ti ń jẹ páànù òrùlé, ẹni tó bá tẹ́ irú irin bẹ́ẹ̀ sí àgbàlá kò ní yé nù ún.

Lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ̀ orí tábìlì náà wà. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2023. Dísù ni wọ́n kọ́kọ́ fi wà á. Lóṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé e sórí iná mànàmáná. Irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà ló ń gbé iná ọ̀hún, vóòtì 750. Ìpele kejì yóò gba Festac, Trade Fair àti LASU dé Òkókómáíkò, kí gbogbo rẹ̀ lè di kìlómítà 27.

Irin kẹta kì í ṣe gbọọrọ láì já. Níbi tí ọ̀nà bá ti yà, ó gbọ́dọ̀ dá dúró díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ ńlá fi ní ọwọ́ púpọ̀ tó fi ń gba iná: bí ọ̀kan bá wà lórí àlàfo, òmíràn ṣì di irin mú. Gígùn ọkọ̀ ló ń kó o yọ. Ní Tokyo, fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná inú ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ Ginza máa ń kú fìrí bó bá ti ń gba irú àlàfo bẹ́ẹ̀, gílóòbù kékeré kan á sì tàn lára ògiri. Ọkọ̀ tuntun fòpin sí i, ṣùgbọ́n ní 2017 wọ́n ṣe méjì tó lè mọ̀ọ́mọ̀ pa iná bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn tí àárò rẹ̀ ń sọ. Ará Èkó wo ló máa ṣàárò ìyẹn?

Ọkọ̀ orí tábìlì kúrú, kò ní gígùn tó lè gbà á. Kàpásítọ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń so mọ́ ọn nínú. Ó dà bí garawa lábẹ́ ẹ̀rọ omi: ó ń yára kún, ó sì ń yára tán. Kékeré rẹ̀ lè gbé ọkọ̀ kọjá àlàfo kí ènìyàn tó ṣẹ́jú; èyí tó tóbi lè fún un ní ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ó ní àléébù tirẹ̀. Bí ó bá ṣófo, ó máa ń fi ojúkòkòrò fa iná débi pé ẹ̀rọ tó ń darí ọ̀nà lè rò pé wáyà ti kan ara wọn, kó sì pa gbogbo rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi rẹsísítọ̀ dá a lẹ́kun. Ó sì ń bá ètò ìdarí ọkọ̀ ìṣeré tí wọ́n ń pè ní DCC, tí ilé iṣẹ́ Lenz ní Jámánì dá ìpìlẹ̀ rẹ̀, lọ dáadáa, torí pé níbẹ̀ iná ojú irin kì í lọ sókè sódò. Nínú ètò àtijọ́, níbi tó jẹ́ pé vóòtì ló ń sọ bí eré yóò ti pọ̀ tó, wàhálà ló lè dá sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n iná tó ṣẹ́jú yàtọ̀ sí iná tó lọ. Ní oṣù kẹwàá 2024, gíríìdì Nàìjíríà wó lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí kàpásítọ̀ tó lè gba ìyẹn. Bátìrì inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná wà fún gílóòbù, ilẹ̀kùn àti ẹ̀rọ ìkéde. Kò lè yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí iná kú ní New York ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ 2003, ọkọ̀ abẹ́lẹ̀ tó lé ní 400 ló há mọ́ ojú ọ̀nà pẹ̀lú èrò nínú. Japan ti ń gbìyànjú nǹkan míì: ọkọ̀ N700S, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020, gbé bátìrì lithium tó lè fà á jẹ́jẹ́ kúrò lórí afárá tàbí nínú ihò òkè.

Red Line Èkó, láti Agbado dé Oyingbo, kò fi tirẹ̀ sọ́wọ́ irin rárá. Dísù ló ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn kan ṣe ń di bátìrì sínú ọkọ̀ ìṣeré tó tóbi díẹ̀, tí wọ́n ń fi rédíò darí rẹ̀, kí irin lè jẹ́ irin lásán. Bí gíríìdì bá wó, ẹ́ńjìnnì Red Line kò ní mọ̀. Ẹnu géètì tí èrò ti ń fi káàdì Cowry wọlé ni yóò kọ́kọ́ wá jẹnẹrétọ̀.