Ọyẹ́ Dé, Ẹ Rọra Fi Oòrùn Mú Pákó Gbẹ

Tí ọyẹ́ bá ti wọ Tatonnonkon, ní Adja-Ouèrè lórílẹ̀-èdè Benin, lóṣù kejìlá, kì í ṣe ètè ènìyàn nìkan ló ń bẹ́. Pákó tíìkì tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí wọ́n tò sójú afẹ́fẹ́ láìkun ẹnu rẹ̀ ní ọ̀dà, á bẹ̀rẹ̀ sí í sán láti orí, ojú sísán náà á sì máa wọnú lọ. Tíìkì kì í ṣe àjèjì ládùúgbò náà: oko tíìkì ìjọba wà ní Massè, nínú Adja-Ouèrè kan náà.

Ilé oòrùn tí wọ́n ń sá pákó sí lè gba irú pákó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Kò ju àbà kékeré lọ. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá tàbí gíláàsì tó mọ́ gaara. Páànù dúdú wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń gba ooru. Fáànù ń fẹ́ ooru náà gba àárín pákó tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ pín níyà. Ọ̀rinrin ń gba ihò ẹ̀yìn jáde. Lọ́dún 1967, R.A. Plumptre kọ̀wé lórí irú rẹ̀ ní Uganda. Wọ́n dán an wò ní Kumasi, ní Gánà, pẹ̀lú.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń lò ó nígbà òtútù pàápàá. Ó yani lẹ́nu, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tútù kì í lè gbé omi púpọ̀. Ní ìwọ̀n 0 Celsius, nǹkan bíi gíráàmù 5 ni mítà kúbíìkì kan lè gbé. Bí oòrùn bá mú un gbóná dé 30, ó lè gbé nǹkan bíi 30. Ara pákó ni yóò ti fa ìyókù. Oòrùn gan-an ló wọ́n lọ́dọ̀ wọn: ọ̀sán kúrú, oòrùn kì í sì í gòkè púpọ̀, ìdí nìyẹn tí òrùlé wọn fi ń dagun gan-an.

Ní Tatonnonkon, nǹkan bí ìwọ̀n 7 sí àríwá agbedeméjì ayé, kí òrùlé dagun díẹ̀ sí gúúsù ti tó. Oòrùn pọ̀, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ti gbẹ kó tó wọlé. Kí nǹkan má yá jù ni iṣẹ́ olùtọ́jú ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ ṣí ihò gbayawu: bí ara pákó bá gbẹ tó súnkì, tí inú rẹ̀ ṣì kún fún omi, àfi kó sán. Òru ń ràn án lọ́wọ́. Fáànù á dúró, ilé á tutù, ọ̀rinrin díẹ̀ á padà sára pákó, ara rẹ̀ á sì dẹ̀. Eruku ọyẹ́ náà ní tirẹ̀; òrùlé tí wọn kò bá nù, ooru rẹ̀ á dínkù.

Fífọwọ́ kan pákó kò tó láti mọ̀ pé ó ti gbẹ. Wọ́n á gé díẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi sínú ààrò títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Bí gíráàmù 130 bá di 100, omi rẹ̀ jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo pákó gbígbẹ. Nǹkan bíi 10 sí 12 ló dára fún ilẹ̀kùn àti àga, ṣùgbọ́n pákó tí wọ́n fi síta lásìkò òjò kì í sábà gbẹ kọjá 15. Àsìkò òjò yẹn gan-an ni owó tí wọ́n ná sórí ilé oòrùn ń padà wọlé.