Báwo ni ọ̀pọ̀ fóònù ṣe ń pín ìgbì rédíò kan lò? Ọgbọ́n tó ti Hàwáì wá

Kí fóònù ẹni tí o pè tó dún, fóònù tìrẹ ti kọ́kọ́ ké sí òpó nẹ́tíwọọ̀kì tó súnmọ́ ọ pé òun fẹ́ sọ̀rọ̀, kí ó fún òun láàyè. Igbe náà kì í pẹ́ rárá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé fóònù tó yí òpó kan ká pọ̀, ìgbì rédíò kan náà ni wọ́n sì jọ ń lò láti fi ké sí i. Kò sí èyí tó mọ ìgbà tí èkejì fẹ́ lanu. Bí méjì bá ké pọ̀, òpó lè má gbọ́ ìkankan nínú wọn.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi yanjú ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní 50 ọdún. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ fóònù ló mú un jáde. Yunifásítì kan tó wà láàárín agbami òkun Pàsífíìkì ni, níbi tí omi ti pín ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà sí erékùṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí ló fa iṣẹ́ náà?

Ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Norman Abramson sí ní ọdún 1932. Onímọ̀ ẹ̀rọ ni, ó sì fẹ́ràn kí ó máa fi pákó gun ìgbì òkun. Ìfẹ́ yìí wà lára ohun tó gbé e dé Yunifásítì Hàwáì ní àárín àwọn ọdún 1960, níbi tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Kọ̀ǹpútà ńlá yunifásítì náà wà ní Mānoa, ní ìlú Honolulu, lórí erékùṣù Oahu. Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà kan lè gba odindi yàrá, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré, nítorí náà ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo èèyàn jọ ń lò. Ṣùgbọ́n àwọn ọgbà yòókù wà káàkiri, àwọn kan lórí Kauai, Maui àti erékùṣù Hàwáì gan-an. Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà so ẹ̀rọ pọ̀ nígbà náà ni wáyà tẹlifóònù. Ní Hàwáì, wáyà náà wọ́n, kò sì já geere.

Abramson tún rí ìṣòro kejì, èyí tó jinlẹ̀ ju ti owó lọ. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kì í fi ìsọfúnni ránṣẹ́ láìdáwọ́ dúró. Yóò tẹ ìlà kan, yóò fi ránṣẹ́, yóò wá jókòó máa ronú. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń ronú, wáyà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un wà lásán. Bí wọ́n bá fi rédíò rọ́pò wáyà, tí wọ́n sì fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ìkànnì tirẹ̀, ìfiṣòfò kan náà ni. Ìkànnì rédíò sì níye.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1968, òun, Frank Kuo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ohun tí wọ́n pè ní ALOHA. Owó ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ìkànnì méjì péré ni wọ́n lò. Gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní erékùṣù ń fi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí Honolulu lórí 407.35 MHz. Honolulu sì ń dá gbogbo wọn lóhùn lórí 413.475 MHz. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tí wọ́n sọ ní Menehune ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gba ohun tó wọlé fún kọ̀ǹpútà ńlá.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ìlà ọ̀rọ̀ kan láti Kauai. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ̀rọ rẹ̀ á dì í sínú pákẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn ìdì ìsọfúnni tí kò lè gbà ju lẹ́tà 80 lọ. Á kọ orúkọ ẹ̀rọ tó fi í ránṣẹ́ síwájú rẹ̀, á sì fi àmì àyẹ̀wò sí i, èyí tí wọ́n máa fi mọ̀ bóyá ó bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ kò ju bíìtì 704 lọ. Bíìtì 9,600 ni rédíò náà ń gbé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà pákẹ́ẹ̀tì náà á ti kọjá kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó pé.

Ẹ̀rọ náà kì í tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń fi í ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ ni. Bí pákẹ́ẹ̀tì bá dé láì bàjẹ́, Menehune á dá a lóhùn pé ó ti dé. Bí pákẹ́ẹ̀tì láti Maui bá sì bọ́ sáfẹ́fẹ́ ní àkókò kan náà, àwọn méjèèjì á fọ́ mọ́ra, kò sì ní sí èsì. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èsì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun kò dé. Á dúró díẹ̀, á tún fi í ránṣẹ́.

Ibi tí ọgbọ́n náà wà ni "díẹ̀" yẹn. Bí èèyàn méjì bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pọ̀ níbi ìpàdé ẹbí, tí àwọn méjèèjì dákẹ́ fún ara wọn, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò ní yé kọlu ara wọn. Nítorí náà, ńṣe ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń ṣẹ́ kèké láti mọ bí yóò ti dúró pẹ́ tó. Ó ṣòro kí kèké méjì bọ́ sí ibì kan náà léraléra. Èkíní á kọjá, èkejì á tẹ̀ lé e.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1971, nẹ́tíwọọ̀kì náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí ni àléébù rẹ̀?

Òmìnira láti fi ìsọfúnni ránṣẹ́ láì tọrọ àyè yìí ní ohun tó ń náni. Abramson fi ìṣirò hàn pé bí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ bá ń lo ìkànnì náà bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí wọ́n gbìyànjú tó, iṣẹ́ tí yóò yọrí kò ní ju nǹkan bíi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ bá ti pọ̀ jù, ìkọlù á pọ̀, àtúnfiránṣẹ́ á pọ̀, àtúnfiránṣẹ́ náà á sì tún bí ìkọlù mìíràn.

Ní ọdún 1972, onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Larry Roberts fi àtúnṣe kan kún un. Kí wọ́n pín àkókò sí abala ọgbọọgba, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rẹ̀ àyàfi ní ìbẹ̀rẹ̀ abala kan. Pákẹ́ẹ̀tì méjì lè kọlu ara wọn pátápátá, ṣùgbọ́n ìkan kò ní fi ìdí gbá orí èkejì mọ́. Àtúnṣe kékeré yìí sọ ìdá 18 di nǹkan bíi 37.

Ibo ló dé lónìí?

Ní ọdún 1972, Bob Metcalfe, tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Harvard, ka àpilẹ̀kọ Abramson. Ó fi kún un pé kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, kí àkókò ìdúró sì máa gùn sí i bí ìkọlù bá ń pọ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1973, ní ibùdó ìwádìí Xerox ní California, ó kọ ìlànà Ethernet sílẹ̀, èyí tó so kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pọ̀ kárí ayé.

Ní ọdún 1985, Amẹ́ríkà gbà kí àwọn aráàlú máa lo àwọn ìkànnì rédíò kan láì gba ìwé àṣẹ. Ibẹ̀ ni Wi-Fi ti rí ilẹ̀ dúró sí. Ìlànà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1997. Títí di òní, Wi-Fi ń tẹ́tí kó tó sọ̀rọ̀, ó sì ń ṣẹ́ kèké.

Ọ̀rọ̀ náà kan fóònù ọwọ́ wa gan-an. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní ọdún 2001, ọ̀nà Abramson, pẹ̀lú àtúnṣe Roberts, ni fóònù kọ̀ọ̀kan fi ń ké sí òpó. Lórí 4G, àmì 64 ló wà fún apá kọ̀ọ̀kan tí òpó kan ń bójú tó. Fóònù á ṣẹ́ kèké mú ọ̀kan nínú àwọn tó ṣí sílẹ̀, á fi ké, á sì dúró de èsì. Ìdí kan nìyí tí ìpè fi lè kọ̀ láti wọlé níbi tí èrò ti pọ̀. Igbe ń pọ̀ ju ohun tí òpó lè gbọ́ lọ, gbogbo wa sì tún ń tẹ̀ ẹ́ léraléra.

Kí ló yẹ ká rí kọ́?

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àgbáyé, IEEE, fún Abramson ní àmì ẹ̀yẹ Alexander Graham Bell ní ọdún 2007. Ó dágbére fáyé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2020, lẹ́ni ọdún 88.

Lójú mi, ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò ní kí àṣìṣe má ṣẹlẹ̀. Ó gbà pé ìkọlù yóò wà, ó sì wá ètò tí kò ní jẹ́ kí ìkọlù ba iṣẹ́ jẹ́. Ìṣòro àdúgbò rẹ̀ ló sì dojú kọ, ìyẹn erékùṣù, òkun àti wáyà tó wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì wa, ẹ má dúró de ìbéèrè tó ti òkè òkun wá. Ẹ wo ohun tó ń dí àwọn ará ìlú yín lọ́wọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.