Ìwúkàrà Tó Ń Ṣe Oògùn Palu

Ìyá oníbúrẹ́dì kan bi wá pé, ṣé òótọ́ ni pé ìwúkàrà, levure tí àwọn ń pò mọ́ ìyẹ̀fun, wọ́n ń fi í ṣe oògùn palu? Òótọ́ ni pé wọ́n ti fi í ṣe é rí, màmá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjà wà nínú ẹ̀.

Ẹ rántí ẹmu. Kí ló ń mú un hó? Ìwúkàrà ni, ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-rín tí ojú lásán kò rí. Ó ń jẹ ṣúgà, ó ń ṣe ọtí. Àbùdá inú rẹ̀ ló ń darí iṣẹ́ tó ń ṣe.

Oògùn palu tí wọ́n ń fún wa ní sáńtà ìlera, inú ewéko artemisia ni agbára rẹ̀ ti wá. Tu Youyou àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣáínà ló yọ ọ́ jáde ní 1972. Bí ewéko yìí bá wọ́n, owó rẹ̀ á fò sókè. Àwọn àgbẹ̀ á sáré gbìn ín, á pọ̀ jù, owó á tún já wálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbin tòmátì, ẹ ti mọ̀ ọ́n!

Ni Jay Keasling àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bá mú àbùdá láti ara artemisia, wọ́n fi sínú ìwúkàrà. Ní 2006 wọ́n kéde pé ìwúkàrà náà ti ń ṣe ásíìdì kan tó ṣe é sọ di oògùn. Ní 2013 ilé-iṣẹ́ Sanofi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Ítálì, tó lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí ayé ń lò.

Ẹ wá gbọ́ o. Kílò kan tiwọn nígbà náà, dọ́là 350 sí 400 ni, láìjèrè. Tàwọn àgbẹ̀ ti wálẹ̀ kọjá 250 nígbà náà. Ní 2015, wọn ò ṣe ẹyọ kan.

Inú mi dùn fún àwọn àgbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí: bí owó bá já jù, wọ́n á fi oko sílẹ̀, ọmọ wa ni kò ní rí oògùn.

Màmá, oògùn oníwúkàrà kò yàtọ̀ sí ti ewé. Wọ́n ti sẹ́ ìwúkàrà kúrò. Tíì artemisia tí wọ́n ń kiri ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i fún palu.

Ẹ jọ sọ ọ́ lẹ́gbẹ́ yín: ká ní ẹ̀yin lẹ ni oko artemisia yẹn, ṣé ẹ ó tún gbìn ín lọ́dún tó ń bọ̀?