Ehoro jẹun lálẹ́, ó kú kílẹ̀ tó mọ́: kí ló pa á?

Májèlé lọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń fura sí. Ehoro jẹun lálẹ́, ó ń tọ kiri inú kéèjì, àfi bó ṣe di àárọ̀ tí wọ́n bá a tó ti gan. Kò sí ọgbẹ́ lára, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èébì nílẹ̀. (Ti èébì yẹn ò tiẹ̀ já mọ́ nǹkan kan, torí ehoro kì í bì rárá.)

Ẹran tí ẹranko mìíràn ń pa jẹ ni ehoro. Nínú igbó, èyí tó bá ń ṣe òjòjò ni àṣá àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa ń kọ́kọ́ gbé, nítorí náà ìrora kì í hàn lójú rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ pé pálọ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Àìsàn lè ti máa bá a fínra tipẹ́ kí olówó rẹ̀ tó mọ̀. Òjijì tí à ń wí yìí, àwa ló sábà máa ń jẹ́ òjijì fún. Ohun tó máa ń hàn kò tó nǹkan: oúnjẹ ṣẹ́kù, ìgbẹ́ rẹ̀ kéré ju ti tẹ́lẹ̀, ó ká jọ sí kọ̀rọ̀, ó ń payín keke. Ìfun ehoro kò gbọdọ̀ dúró. Bí wákàtí 12 bá kọjá tí kò fẹnu kan nǹkan, ọ̀rọ̀ dókítà ẹranko ti dé nìyẹn. Ooru náà ń pa á, torí kì í làágùn bí èèyàn. Ìbẹ̀rù ajá tó ń gbó lè dá ọkàn rẹ̀ dúró.

Àmọ́ àrùn kan wà tí kì í sábà jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àmì kankan. RHD ni wọ́n ń pè é. Orílẹ̀-èdè Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1984, lára àwọn ehoro tí wọ́n kó wá láti Jámánì. Fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ẹ̀jẹ̀ á máa ya nínú ara, ehoro á sì kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nímú nìkan ló máa ń kù tí èèyàn lè rí. Oríṣi kejì jáde ní Faransé lọ́dún 2010, òun kì í dá àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sí. Lọ́dún 2020, ó jà ní New Mexico ní Amẹ́ríkà, ọdún yẹn kan náà ni wọ́n rí i ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Kì í ran èèyàn, ṣùgbọ́n èèyàn lè fi bàtà gbé e wọlé, eṣinṣin náà lè gbé e. Ehoro tí kò fẹsẹ̀ kan ìta rí lè kó o.

Ti Ọsirélíà ló le jù. Thomas Austin kó ehoro wá sí oko rẹ̀ ní Victoria lọ́dún 1859 kó lè máa rí ohun dọdẹ, ni wọ́n bá bí títí wọ́n fi gba ilẹ̀ kan. Ìjọba wá fẹ́ fi fáírọ́ọ̀sì yìí dín wọn kù. Wọ́n ń dán an wò ní erékùṣù Wardang ló bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́dún 1995. Nígbà tó di 1996, wọ́n fọwọ́ ara wọn tú u sílẹ̀. Lọ́dún 2017, wọ́n tún tú oríṣi mìíràn sílẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ò sì mọ ehoro oko yàtọ̀ sí èyí tí ọmọdé sọ lórúkọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó pa tirẹ̀ gan-an, kó tètè gbé òkú náà lọ fún àyẹ̀wò. Fíríìjì ni kó gbé e sí kó tó lọ, kì í ṣe fírísà, torí yìnyín máa ń ba ẹran ara jẹ́. Nígbà mìíràn, àyẹ̀wò náà kì í rí nǹkan kan sọ. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì tó jọ ń gbé, ẹ jẹ́ kí èyí tó kù rí òkú ìkejì rẹ̀, kó má baà máa wá a kiri.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dùn ọkàn wá ńkọ́? "Ṣebí ẹran ọbẹ̀ ni!" ni aládùúgbò máa wí. Lọ́dún 1989, Kenneth Doka, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa irú ọ̀fọ̀ báyìí, èyí tí àwùjọ kì í báni dárò rẹ̀. Ó ń pẹ́ lọ́kàn torí pé kò séèyàn tí èèyàn máa rò ó fún. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Blue Cross ní nọ́ńbà tẹlifóònù tí ẹni tí ẹran ọ̀sìn rẹ̀ kú lè pè. Ohun tó sì ń jẹ ọ̀pọ̀ wọn lọ́kàn ni pé bóyá àwọn ló fà á. Bó bá jẹ́ RHD ni, ó ṣòro kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ ra òmíràn, kó fi bílíìṣì fọ kéèjì àti abọ́ oúnjẹ, kó sì ní sùúrù, torí fáírọ́ọ̀sì yìí lè wà láàyè níta fún oṣù mélòó kan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ọdọọdún ni wọ́n ń gún un fún ehoro nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.